Munirat Kò Wo Fíìmù Náà Dé Ìparí

Kí àwọn tó ń ya fíìmù tó dé àgbàlá wọn ní àdúgbò Ladi-Lak, Munirat ti dirun fún Bàlíkísù, ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè mú un ṣeré. Fíìmù kékeré adẹ́rùbani ni, nípa ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kausarat, ọmọ Táwà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, ni wọ́n mú.

Ó dun Munirat wọra. Kí ni Kausarat ní tí ọmọ tòun kò ní? Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ fíìmù nílé òun mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàlíkísù fẹ́ sọ nǹkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́.

Nígbà tí fíìmù jáde lórí fóònù, Munirat wò ó dé ibi tí ohùn burúkú ti jáde lẹ́nu Kausarat, ó pa fóònù. Ó gé ibẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin àdúgbò, ó ní kì í ṣe ohùn èèyàn.

Kò pẹ́ tí kò fi sọ́mọ tó ń bá Kausarat ṣeré mọ́. Ọmọ náà kò jẹun mọ́, ó ń tọ̀ sórí ibùsùn. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀la lòun máa mú un lọ bá ọkùnrin kan ní Ìlàjẹ tó ń fi ẹgba lé àlùjọ̀nnú.

Táwà sunkún lọ bá Oyèbísí, nọ́ọ̀sì àdúgbò, ìyẹn sì tẹ̀ lé e wá sí àgbàlá. Níṣojú Munirat àti bàbá Kausarat ni Bàlíkísù ti gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo jáde, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó sọ̀rọ̀. Ohùn fíìmù náà gan-an ni.

"Èmi ni mo sọ ọ́, Mọ́mì. Àwọn tó ya fíìmù ló gba ohùn mi sílẹ̀. Orúkọ mi wà ní ìparí fíìmù náà. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ fún yín."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Munirat kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Kausarat," Oyèbísí ní, "ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yìí, torí gbogbo yín lẹ sá fún un. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n nà án, ẹ máa ṣe é léṣe, ẹ sì ti lu òfin. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn lọ́la." Bàbá náà gbà.

Munirat kúnlẹ̀ fún Táwà. "Ìlara ni, ẹ má bínú."

Táwà ní òun gbọ́, àmọ́ kó lọ sọ òótọ́ fún gbogbo ẹni tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí. Ó lọ, láti ojúlé dé ojúlé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má pe ọmọ ní àjẹ́ tàbí ẹlẹ́mìí-òkùnkùn. Ọmọ tí kò jẹun, tí kò sùn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ torí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ tan irọ́ náà ká, ẹ padà sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn.