Ta Ló Mọ Ọ́n?

"Bí ìsípẹ́kítọ̀ bá rí iṣẹ́ ọwọ́ kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò bá ṣí fìlà fún mi, kí ẹ máa pè mí ní ewúrẹ́!"

Bọ́sẹ̀dé ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé wọn ní Ìnísà, ó fọwọ́ lé ìbàdí bí olorì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọmọ Ìkìrun. Lọ́dún 1958 yẹn, tíṣà kékeré ni, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni wọ́n sì kó lé e lọ́wọ́.

"Ewúrẹ́ kẹ̀?" Matthew, tíṣà kékeré ẹgbẹ́ rẹ̀, dá a lóhùn. "Èwo nínú ewúrẹ́? Ṣé elẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ rẹ mọ yẹn?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bọ́sẹ̀dé kò dénú. Ọ̀gá Oyèwálé, hẹdimásítà wọn, ti sọ ọ́ ní gbangba pé tíṣà kékeré tí ìsípẹ́kítọ̀ òyìnbó náà bá yìn ni òun yóò forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá Bọ́sẹ̀dé náà sì ti sọ tirẹ̀ ní Ìkìrun: bí kò bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún yìí, ìwé tó, ilé ọkọ ló kù.

Kì í ṣe pé kò kọ́ àwọn ọmọ náà. Ó kó wọn lọ sétí odò Ọ̀tìn, wọ́n wa amọ̀, wọ́n pò ó. Ó ní, "Ohunkóhun tí ojú yín bá rí níta ni kí ẹ mọ." Àwọn ọmọ sì mọ ọ́n! Ewúrẹ́ elẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Adìyẹ tó tóbi ju ilé lọ. Lọ́rì tí táyà rẹ̀ wà lórí òrùlé. Matthew rí wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí lo fẹ́ gbé síwájú òyìnbó? Ìwọ ò kúkú fẹ́ lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wo kíláàsì tèmi, wo agbọ̀n! Ṣé o rò pé àwọn ọmọ ló hun ún? Bàbá mi ni. Ta ni yóò mọ̀?"

Ta ni yóò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bọ́sẹ̀dé létí, kò sì jáde mọ́. Ó kó gbogbo iṣẹ́ àwọn ọmọ dà sẹ́yìn ṣáláńgá, ó gba ilé Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, amọ̀kòkò, lọ. "Ìyá, ẹ bá mi mọ ìkòkò kéékèèké fún àwọn ọmọ mi." Ìyá náà rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣeré ni. Ó mọ ọ́n, ó sun ún, ó sì fi èékánná fín ọrùn wọn bó ṣe máa ń fín gbogbo ìkòkò rẹ̀.

Ó wá ku ẹnu àwọn ọmọ. Bọ́sẹ̀dé dúró níwájú wọn. "Bí òyìnbó bá bi yín pé, 'Ta ló mọ ọ́n?' kí lẹ máa wí?"

"Èmi ni mo mọ ọ́n, sà!"

Wọ́n wí i, wọ́n tún un wí, títí aláǹgbá ara ògiri fi ń mi orí sí i. Olúsọjí, ọmọ ọdún mẹ́fà, nawọ́. "Mísì, ṣùgbọ́n Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló—"

"Panu dé!"

Olúsọjí panu dé.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò ìsípẹ́kítọ̀ dé tòun ti eruku. Òyìnbó yìí ti ń kọ́ Yorùbá, kò sì fẹ́ sọ èdè mìíràn. Àmọ́ ohùn ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹrù tí wọn ò dì dáadáa. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko ilé ìwé ló fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Oyèwálé, ló bá ní, "Ọkọ yín ńkọ́?"

Ọ̀gá Oyèwálé tẹrí ba tòun ti fìlà abetí-ajá rẹ̀. "Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń kí yín."

Wọ́n wọ kíláàsì. Òyìnbó gbé ìkòkò kan, ó yí i po, ó fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀. Matthew yọjú lójú fèrèsé.

Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Olúsọjí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Yéè! Bọ́sẹ̀dé gbọ́ bí ohùn náà ṣe lọ sílẹ̀. Olúsọjí la ẹnu láti ka àkọ́sórí, ó tún pa á dé. Wọn ò kọ́ ọ ní ìdáhùn eléyìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó rọrùn ni.

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, sà!"

"Gbogbo yín?" Ẹnu ya òyìnbó. "Ìkòkò kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irú ẹ̀ ńlá wà nílé wa, ó wà nílé Ọlábímpé tó jókòó tì mí yìí. Ìkòkò Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni. Gbogbo Ìnísà ló mọ̀ ọ́n!"

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ yòókù rántí àkọ́sórí wọn. Wọ́n pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Èmi ni mo mọ ọ́n, sà!"

Etí fìlà Ọ̀gá Oyèwálé ń gbọ̀n. "Olúsọjí! O ń parọ́ mọ́ tíṣà rẹ níwájú àlejò? Na ọwọ́ rẹ!" Ó ti fa pàṣán yọ.

Lójú fèrèsé, Matthew ń mi orí sí Bọ́sẹ̀dé: dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n na ọmọ, ó parí. Òótọ́ ni, ó lè parí síbẹ̀. Pàṣán kan péré, kọ́lẹ́ẹ̀jì dé. Olúsọjí na ọwọ́ kékeré rẹ̀ síta. Kò sunkún, Bọ́sẹ̀dé ló ń wò. Pàṣán gòkè.

"Ẹ má nà án, sà!" Bọ́sẹ̀dé bọ́ sáàárín wọn. "Òótọ́ lọ́mọ sọ. Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló mọ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ wọn ní irọ́."

Òyìnbó gbé ìkòkò náà sílẹ̀.

"Iṣẹ́ àwọn ọmọ dà?" òyìnbó béèrè.

"Ó wà lẹ́yìn ṣáláńgá!" gbogbo kíláàsì ké, wọ́n sì tú síta bí oyin.

Wọ́n kó iṣẹ́ wọn dé tòun ti koríko. Òyìnbó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ń gbé lọ́rì tó ru táyà sórí wò, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ̀nyí ni yóò lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Òkúkù," ó ní. Ó wá kọjú sí Bọ́sẹ̀dé. "Àwọn ọmọ rẹ yege. Ìwọ kò yege. Orúkọ rẹ kò ní í lọ lọ́dún yìí." Ó dìde. "Kíláàsì àwọn agbọ̀n dà?"

Wọ́n wo ojú fèrèsé. Matthew ti rá.

Omijé dà lójú Bọ́sẹ̀dé. Ọ̀gá Oyèwálé ju pàṣán sílẹ̀. "Èmi fúnra mi yóò lọ bá bàbá rẹ ní Ìkìrun, kó fún ọ ní ọdún kan sí i. Ẹni tó lè gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ pàṣán yóò ṣe tíṣà." Ó wá gbé ọ̀kan nínú iṣẹ́ amọ̀ náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ! Irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, bó tilẹ̀ wọ́, ó sàn ju iṣẹ́ ẹlòmíràn tí a fi ń yangàn. Ẹ wo màlúù yìí! Ìwo rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ojú rẹ̀ kò ríran. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni!"

"Màlúù dáadáa!" òyìnbó wí.

Olúsọjí wo amọ̀ náà, ó wo fìlà abetí-ajá.

"Kì í ṣe màlúù, sà," ó ní. "Ẹ̀yin ni."