Bátìrì Tuntun fún Dírílì Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ni obìnrin náà ń bá bátìrì sọ nígbà tí Yvan Grondin kọ́kọ́ rí i. Ó gbé e sábẹ́ kóòtù, ó fún un mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Yìnyín ṣì ń yọ́ lórí fìlà pupa tó dé, ó sì ń bẹ bátìrì náà pé, "Jọ̀ọ́, dìde. Ìwọ náà mọ̀ pé oòrùn ti ń bọ̀."

Inú ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ kan ní agbègbè Beauce ni wọ́n wà. Ìṣó ni Yvan wá rà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣó fò lọ lọ́kàn rẹ̀.

"Ṣé ó ń dá yín lóhùn?"

Obìnrin náà yíjú, ojú tì í, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń gbọ́rọ̀ ju bàbá mi lọ."

Annick Veilleux lorúkọ rẹ̀. Òun àti Fernand, bàbá rẹ̀, ló ń ṣe oko igi mépù. Bí òtútù bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a lu ihò sára igi, omi dídùn a máa kán sínú garawa, wọn a sì sè é títí yóò fi ki bí oyin. Omi náà kì í pẹ́ gbẹ. Ẹni tí kò bá tètè lu igi rẹ̀, ó di àmọ́dún. Dírílì Fernand ò ní àìsàn kankan, bátìrì rẹ̀ ló kú, àwọn tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò ra dírílì tuntun?"

"Ẹ wá bá mi sọ fún un! Ó ní èyí tó ṣì ń yí kò tíì kú. Ó tún ní bí ọdún yìí ò bá dáa, òun á ta oko náà fún aládùúgbò wa." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Wọ́n jọ dúró níwájú pẹpẹ. Bátìrì tó wọ ìdí dírílì, agbára rẹ̀ pọ̀ jù, yóò jó mọ́tò. Èyí tí agbára rẹ̀ ṣe wẹ́kú, kò wọ̀ ọ́. Yvan fẹ́ kí obìnrin yìí máa wo òun lọ bó ṣe ń wo òun nísinsìnyí. Ó bá fa ike kékeré kan yọ, èyí tí wọ́n fi ń so bátìrì ìgbàlódé mọ́ dírílì àtijọ́.

"Èyí ló máa yanjú ẹ̀," ó ní. "Ṣé kí n wá lọ́la, kí n wá wò ó?"

"Bátìrì lẹ fẹ́ wá wò, àbí èmi?"

"Méjèèjì."

Lọ́jọ́ kejì, dírílì náà ń kọrin nínú igbó. Yvan ń lu ihò, Annick ń fi òòlù kan ọ̀pá kékeré tí omi máa gbà kán sí garawa wọlé, yìnyín mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fi máa jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ tán, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, ó ti di "ìwọ".

Lọ́sàn-án, dírílì dákẹ́. Dírílì àtijọ́ ò mọ ìgbà tó yẹ kó fi bátìrì ìgbàlódé sílẹ̀. Ó fà á gbẹ pátápátá, ṣájà kankan ò sì lè jí i mọ́.

Fernand dìde lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé. "Ẹ̀ńjíníà, ó tó gẹ́ẹ́. Máa lọ sílé ẹ."

Annick ò tiẹ̀ pariwo. "Yvan, ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ tán. Mo kàn fẹ́ kí o rò pé mo mọ̀ ni."

Annick wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Rédíò ní oòrùn máa ràn lọ́jọ́ kejì, omi igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Yvan wa ọkọ̀ lọ sí ìlú Québec, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń béèrè: irú bátìrì wo ló wà nínú eléyìí? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ṣé kì í ṣe pé ó ti kú sórí pẹpẹ? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ dáadáa nígbà tó kan ilẹ̀kùn àwọn Veilleux.

"Ìwọ tún ni?" ni Fernand wí.

"Bàbá, mo ti rí bátìrì kan. Irú èyí tó bá dírílì yín wá gan-an ni. Agbára kan náà, ìdí kan náà, kò sì tíì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe é."

"Ṣájà ńkọ́?"

"Ti yín náà ni. Ẹ fi sí i kí ẹ wò."

Iná pupa tàn lára ṣájà. Annick jáde wá, ó káwọ́ gbera. Omi tó ń yọ́ lórí òrùlé nìkan ló ń kán. Ó pẹ́, ó pẹ́, kí iná náà tó di aláwọ̀ ewé.

"Kí lẹ wá ń wò?" Fernand ké. "Ẹ ò rí oòrùn ni?"

Wọ́n sáré wọgbó. Igi àkọ́kọ́ tí wọ́n lù, tí kò jìnnà sílé, omi tẹ̀lé irin jáde, ó ń dán. Annick fi ìka tọ́ ọ wò, ó sì fi kan Yvan létè.

"Má díbọ́n fún mi mọ́ láé."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó dá mi lójú báyìí ò ju ẹyọ kan lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Annick. Fẹ́ mi."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Annick, ó rì sínú yìnyín. Ó lóṣòó, ó ń fọwọ́ wá a.

"Annick!" Ohùn bàbá rẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà wá. "Dá ọkùnrin yẹn lóhùn! Jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ọwọ́ wa máa pọ̀ sí i lọ́dún tó ń bọ̀!"

Annick gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀" yẹn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá òun ò ta oko mọ́ nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó sọ fún Yvan jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí sókè, ó sì ké e dé òpin oko: "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Yvan fà á mọ́ra, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Nínú gbogbo garawa tó yí wọn ká, omi ti ń kán, tó, tó, tó.