Màrìwò Létí Odò Àkànràn

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n sin Àjọkẹ́ lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nílé wọn ní Àkànràn, èlùbọ́ ti kún agbọ̀n, àwọn obìnrin ilé sì ń fi ìyàwó tuntun ṣẹ̀fẹ̀ bí ẹni pé wọn kò ṣe ìyàwó rí. Mùjíbátù, ìyá rẹ̀, nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín.

Ìyàrá ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Lìádì, àkọ́bí rẹ̀, ti ojú ogun dé láti ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ ń jó bí ààrò. Ibà ni ìyá rẹ̀ ń pè é fáyé gbọ́. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó rí i pé nǹkan ti ń yọ lójú àti lápá ọmọ náà. Olóde ni, ilẹ̀ gbígbóná. Ó lórúkọ mìíràn, ẹnu ló ń bẹ̀rù àtipè é.

Ó tọ Ṣítù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ baálé ilé, lọ.

"Bò ó mọ́lẹ̀," ni Ṣítù wí. "Bí ará Ẹ̀gbẹ́dá bá gbọ́, ta ni yóò tún fẹ́ ọmọ wa? Ta ni yóò ra iṣu wa lọ́jà?"

"Baba, inú ilé yìí ni àwọn tó ń bọ̀ wá mú ìyàwó máa sùn."

"Wọn ò kúkú ní wọ ìyàrá ẹ̀yìn."

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá gba ìmọ̀ràn Ṣítù. Mùjíbátù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ó ní kí òun kọ́kọ́ gba omi hàntú fún ọmọ òun lọ́wọ́ Alùfáà Sàníù, tó ti Mẹ́kà dé lọ́dún tó kọjá.

Àpá Olóde kún ojú alùfáà láti kékeré. Ó wo ojú obìnrin náà, ó gbé wàláà tó ń kọ hàntú sí sílẹ̀.

"Ó ti yọ, àbí?"

Mùjíbátù bú sẹ́kún.

"Jókòó, ìyá Lìádì. Lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí mo lọ, ìgbẹ́ gbuuru kọlu àwọn èrò Mẹ́kà. Ẹni tó bá ọ kírun àárọ̀, wọ́n á ti sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ òkun tó kó àwọn tó kù bọ̀ kò jẹ́wọ́. Wọ́n ní àìsàn lásán ni. Àìsàn lásán náà wọ Mísírà, ó rékọjá òkun, ó ń pa ìlú kiri."

"Lọ́dún tiyín ńkọ́?"

"Bí a ti ń bọ̀, tí a fẹ́ gúnlẹ̀ sí Mísírà, ọ̀gá ọkọ̀ wa fúnra rẹ̀ fa àsíá kan sókè, aláwọ̀ ìyeyè. Ó ń kìlọ̀ pé àìsàn lè wà lára wa. Mo ní ó ti pa wá, wọ́n á fi wá sílẹ̀ sórí omi. Àfi bí mo ṣe rí ọkọ̀ kékeré tó ń bọ̀ pẹ̀lú omi mímu, oúnjẹ àti oníṣègùn. Wọ́n pàgọ́ fún wa létí òkun, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi bọ́ wa."

"Ta ló pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní nìyẹn. Mo gbọ́ ní Mísírà pé àwọn ọba tó ti bára wọn jagun rán ìránṣẹ́ jọ sí ìlú ọba Tọ́kì. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Faransé wà níbẹ̀, Rọ́ṣíà wà níbẹ̀. Wọn ò pín ilẹ̀, wọn ò pín ẹrú. Bí wọ́n ṣe máa jọ dá àìsàn dúró lójú ọ̀nà ni wọ́n jókòó lé."

Mùjíbátù la ẹnu, kò lè pa á dé. Gbogbo ọba ayé, nítorí àìsàn!

"Àwọn ọ̀tá ń kìlọ̀ fún ara wọn," ló wí níkẹyìn, "èmi wá fẹ́ tan àna mi."

Ó mú àdá, ó gé màrìwò, ó so ó dábùú ọ̀nà létí odò, àmì pé kí ẹnikẹ́ni má sọdá, ó sì ké sí àwọn àgbẹ̀ òdìkejì pé kí wọ́n jíṣẹ́ fún Ẹ̀gbẹ́dá. Sàníù, tí Olóde ti bá jà rí, tí kò sì lè mú un mọ́, ló lọ ń tọ́jú Lìádì. Ṣítù kò bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ariwo èrò ń bọ̀ láti òdìkejì. Mùjíbátù sáré lọ sétí odò. Ọládòṣù, baba ọkọ, ló ṣáájú, ẹrù wà lórí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n rí màrìwò, wọ́n dúró.

"Ìyá ìyàwó, ẹ kú ìrọ́jú," ni Ọládòṣù ké. "Iṣu rèé, epo rèé, òrí tí ẹ ó fi para fún ọmọ rèé. Ìyàwó wa ò sá lọ, ẹ bá wa bọ́ ọ kó sanra sí i."

Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n yí padà. Ẹnì kan kò sọdá. Ẹ̀rù jẹ́jẹ́ ba Mùjíbátù, bí ẹni tó rí ohun tó ju òun lọ. Ṣítù fúnra rẹ̀ ló wá ru iṣu náà wọlé.

Olóde pa ẹni méjì ní Àkànràn. Lìádì yè. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò pa ẹyọ ẹnì kan, Àjọkẹ́ sì délé ọkọ lóṣù kẹta lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, Olóde ti kásẹ̀ nílẹ̀ lónìí nítorí pé gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ lé e. Àìsàn mìíràn ṣì ń bẹ, àwọn orílẹ̀-èdè sì ti bu ọwọ́ lùwé pé àwọn yóò máa ta ara wọn lólobó. Àmọ́ ìwé náà kò lè rí ìyàrá ẹ̀yìn ilé rẹ. Bí ibà tòun ti nǹkan tó ń yọ lára, tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó ń ràn, bá wọlé, sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ náà gan-an. Má bò ó nítorí ọjà, má bò ó nítorí ìnáwó. Bó bá sì jẹ́ aládùúgbò rẹ ló sọ tirẹ̀, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbé iṣu lọ sétí odò.