Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ọjọ́rú

"Moṣọpẹ́, má fi ìwé yẹn han ẹnikẹ́ni o. Ṣé o gbọ́ mi?"

Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú kíṣìnì wa ní Becontree, nílùú òyìnbó níbí, níbi tó ti ń kọ́ mi ní ìṣirò. Àbúrò Mọ́mì ni. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá nítorí ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe nínú oṣù karùn-ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́.

"Mo gbọ́, sà," ni mo fèsì.

Ìwé wo? Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Barking, èmi ni mò ń kọ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn á dìde, á sọ ọ́, èmi á kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ á gbàdúrà sí i. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí Àǹtí Magdalene, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún, máa pè mí ní Akọ̀wé. Ìyàwó kì í kúkú pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí Àǹtí Magdalene ti kúrò nílé. Bọ̀ọ̀dá ń lù ú. Ó gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́, ó sì máa ń sọ fún un pé, "Èmi ni mo mú ọ wá. Ọjọ́ tí o bá jáde nílé mi, Nàìjíríà lo máa bá ara rẹ." Irọ́ gbuu! Lọ́yà tó ń ràn án lọ́wọ́, Ìyáàfin Catherine, ṣàlàyé pé òfin ìlú yìí gbà kí ìyàwó tí ọkọ ń lù béèrè ìwé ìgbélùú fún ara rẹ̀, láìgba àṣẹ ọkọ. Ṣùgbọ́n ó ní láti fi hàn pé ohun tó sọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àǹtí ò sì lọ rí dókítà rí, kò pe ọlọ́pàá rí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù.

Àǹtí ní kí n pàdé òun lọ́jà East Street lẹ́yìn ilé ìwé.

"Akọ̀wé mi, jọ̀ọ́, ibi tí o kọ ọ̀rọ̀ tèmi sí nìkan ni mo fẹ́. Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi."

"Àǹtí… ìwé náà ti sọnù."

Ó wò mí títí. N ò lè gbójú sókè. "Kò burú," ló sọ, ó sì bá ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ tí Mọ́mì ń dúpẹ́ lórí fóònù. "Ọlọ́run ṣeun! Magdalene fẹ́ padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó ní kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ òun." Irọ́ mi ló ń dá a padà síbi tí wọ́n ti ń lù ú.

Mo fa ìwé náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta: Arábìnrin Magdalene. Kí Ọlọ́run rọ ọkàn ọkọ mi, ojú mi wú." "Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ: Kí Ọlọ́run wo apá mi sàn, kí ọkọ mi má tì mí lórí àtẹ̀gùn mọ́." Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ wọ́n, n ò sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ṣe ojú yín. Àmín la ṣe, a sì lọ jẹ ráìsì. Ìtìjú bò mí, mo sunkún.

Mo gbé e lọ bá Mọ́mì.

"Moṣọpẹ́! Àbúrò mi ni o! Ìwọ lo fẹ́ tú àṣírí ẹbí?"

"Ẹ kà á ná, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó wá sí àdúrà ọjọ́rú, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyẹn rí. Ó kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi àtẹ̀gùn, ó jókòó. "Túbọ̀sún ní ó ṣubú ni," ló ń wí. "Yéè! Ó ní ó ṣubú ni." Ó pe Bàbá Ọlágòkè, olórí ìjọ wa, ó bi wọ́n bóyá ká fún Magdalene ní ìwé náà. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà ni. Ẹ fún un."

Ní ọ́fíìsì lọ́yà, níbi tí a gbé ìwé náà lọ fún Àǹtí, mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, mo purọ́ fún yín. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà ọ́. Ẹ̀rù náà ló pa èmi lẹ́nu mọ́ nílé. Dìde, Akọ̀wé mi."

Bọ̀ọ̀dá ò wá kọ́ mi mọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ló pè mí lórí fóònù, ó sì dùn mí gan-an. Èmi nìkan ni mo dá jìjàkadì pẹ̀lú ìṣirò náà, agbára káká ni mo fi yege. Àwọn ẹbí pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n bú Mọ́mì. Mọ́mì dá wọn lóhùn pé, "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

Nínú oṣù kẹwàá, Àǹtí pè mí. Ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. "Akọ̀wé! Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì ti fún mi ní ìwé ìgbélùú! Orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀, tèmi nìkan!"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àṣírí tó bá ń pa èèyàn lára kì í ṣe àṣírí ẹbí, ìkà ni. Ẹni tí wọ́n ń lù kọ́ ló yẹ kó tijú, òfin sì ń dáàbò bò ó, ibi yòówù kó ti wá. Mo ṣì ń kọ ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́rú. Ṣùgbọ́n tí a bá ti gbàdúrà tán, mo máa ń lọ jókòó ti ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọgbẹ́ ara, màá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló ṣe yín bẹ́ẹ̀?"