Ọjọ́ Kan Tí Ìyá Ẹlẹ́rọ Kọ̀ Láti Fi Sílẹ̀

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ni í gba ìsinmi lọ́wọ́ ènìyàn. Ìkórìíra pẹ̀lú a máa gbà á. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lè dùbúlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ẹ̀san a máa ṣiṣẹ́ lórí ibùsùn. Bí ó bá wà lọ́kàn rẹ láti rí ìparun ẹnì kan, ìwọ ni a kọ ìwé yìí sí. Kà á tán.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ. Ẹ̀rọ tí ó fi ń lọ ọkà fún àwọn ènìyàn ni ó ni. Yàrá méjì péré ni ilé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà nínú èyí tí ó kọjú sí òpópónà, lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré, pẹ̀lú bẹ́líìtì gígùn tí ń yí ọlọ irin. Nínú yàrá kejì, lẹ́yìn ògiri kan náà, ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń sùn. Ilé ìjọsìn wà ní òdìkejì òpópónà. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé fèrèsé ilé ìjọsìn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fi ìka méjì ra ìyẹ̀fun wò, ó mọ̀ bóyá kí òun fún ọlọ mọ́ra tàbí kí òun tú u díẹ̀. Láti Ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìpéǹpéjú rẹ̀ a máa funfun fún ìyẹ̀fun. Kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ọ̀lẹ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n so ọmọ náà pọ̀ pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn yẹn, alàgbà tí í ṣe olórí ìjọ gbọ́ pé ọmọ náà ti lóyún. Kò wá sí ilé wọn. Kò ránṣẹ́ pe òbí. Ó dúró lórí àga ìwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi, ó dárúkọ ọmọ náà níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì ní ilẹ̀kùn ìjọ kò ní ṣí fún ìgbéyàwó rẹ̀.

Ìlà kejì ni ìyá ọmọ náà jókòó sí. Ó dìde, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì sọ̀rọ̀ kí gbogbo ìjọ lè gbọ́.

"Alàgbà, ẹ ti gba ọjọ́ ayọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi. Èmi náà á gba ọjọ́ yín lọ́wọ́ yín. Ẹ ò ní gbádùn ọjọ́ Ìsinmi kan mọ́, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí."

Ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, bí ìjọ ti kúnlẹ̀ fún àdúrà, ó tan ẹ́ńjìnnì. Kò sí oníbàárà kankan. Kò sí ẹyọ ọkà kan lẹ́nu ọlọ. Irin ń lọ irin. Gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọlọ tí kò rí ọkà lọ a máa jẹ ara rẹ̀ run. Òun náà mọ̀. Irin ọlọ tí ó yẹ kí ó lò fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣe èyí. Bí alàgbà bá gbé ohùn sókè, òun náà a fi kún eré ẹ́ńjìnnì. Ohùn alàgbà há. Àwọn tí kò lè fara dà á kó lọ sí ìjọ mìíràn, òun a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ká ọwọ́ mọ́ àyà, a máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń lọ. Inú rẹ̀ a dùn. Wọ́n rán àwọn àgbààgbà sí i. Ó ní ilé òun ni, ẹ̀rọ òun ni. Alàgbà fúnra rẹ̀ kò wá. Ogún ìṣísẹ̀ péré ni, kò sì rìn ín fún ọdún mẹ́fà.

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ náà ti ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá rẹ̀. Ó ti bímọ. Ó sì ti rí Olúwa ní ìjọ mìíràn. Ó wá bẹ ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi tí wọ́n dójú tì ti fi í sílẹ̀. Kí lẹ wá ń gbẹ̀san ẹ̀?"

"Ìwọ lo fi í sílẹ̀. Èmi ni mo bí ẹ. Mi ò tíì fi í sílẹ̀."

Nígbà tí ó di ọdún karùn-ún, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà, onísùúrù ènìyàn. Apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì ń ṣòro fún un láti sọ. Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ó wo ibùsùn, ó wo ògiri, ó fi ọwọ́ kan ògiri náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Màmá, oògùn nìkan ò lè ṣe é o. Ẹ wo ibi tí bàbá ń sùn. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ilé yìí á pa rọ́rọ́. Ọjọ́ kan péré. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí á pa wọ́n."

"Dókítà, ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń wá."

"Títí kan ọjọ́ Ìsinmi?"

Ó kó oògùn náà, ó sì sin dókítà dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ní ọ̀rẹ́ kan, Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn náà, tí ó sì ń jọ́sìn níbẹ̀. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ó gbọ́ ohun tí dókítà wí, ó sì wá bá a.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kí lò ń lọ gan-an láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Mi ò rí i kó o gbé àpò ìyẹ̀fun kan jáde rí."

"Alàgbà ni mò ń lọ. Ó ti ń kúnná."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì nawọ́ sí ògiri yàrá kejì.

"Ọkọ ẹ ni ò ń lọ, ọ̀rẹ́ mi. Alàgbà ń lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, á jẹun, á sì sùn. Ibo lọkọ tìẹ máa lọ?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre. Ṣé alàgbà ló rán ẹ sí mi ni?"

"Kò rán mi. Ẹni tí ò ń bá jà kò sí lórí àga ìwàásù yẹn. Ọlọ́run ló ni ọjọ́ tí ò ń bà jẹ́."

Ìyá Ẹlẹ́rọ yí ẹ̀yìn sí i. Ó lè fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ìsinmi ni ó rọrùn jù, nítorí pé kò sí oníbàárà kankan ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kò lè fi sílẹ̀. Ó mọ ohun tí dókítà wí, ó mọ ohun tí yóò ná an, ó sì yan ẹ̀san.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí ìjọ fẹ́ jẹ oúnjẹ Olúwa, ó mú eré ẹ́ńjìnnì dé òpin. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo fèrèsé ilé ìjọsìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí ìjọ túká, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́jú, ó sì gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà wà nílẹ̀. Ife irin tí ó fi ń mu omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, etí ife náà ti tẹ̀. Ó ti fi ife náà gbá ògiri títí sìmẹ́ńtì fi bó dé bíríkì. Èérún sìmẹ́ńtì wà ní irun orí rẹ̀ àti lórí ìrọ̀rí. Ibi tí ó ti ń gbá a ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀yìn tì ní ìhà kejì. Fífẹ̀ bíríkì kan ni ó wà láàárín wọn. Obìnrin náà kò gbọ́ ohunkóhun.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún un pé àrùn náà ti kọlu ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àti pé ó ti pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé. Ó jókòó ti ibùsùn ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ rẹ̀ wá, ó sunkún, kò sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé pẹ̀lú aṣọ ìjọsìn lọ́rùn.

"Kí ni alàgbà wí lónìí?" Ìyá Ẹlẹ́rọ bi í.

"Fi ìyẹn sílẹ̀."

"Mo ní kí ló wí?"

"Ó ní Ọlọ́run ti gbẹ̀san ilé rẹ̀. Àwọn kan ní àmín."

Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró kí ó gbọ́ èébú. Èébú kò jáde.

"Mo mọ bí ẹ̀san ṣe ń dùn lẹ́nu ẹ̀," ni Ìyá Ẹlẹ́rọ wí. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ ẹ́." Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọ̀kan náà ni èmi àti alàgbà."

"Mo ti mọ̀, ọ̀rẹ́ mi."

"O mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún."

Ìyá Ẹlẹ́rọ sunkún. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé kí n lọ sọ fún alàgbà pé ohun tó ṣe fún ọmọ mi dára ni?"

"Kò dára. Jésù ò sọ pé kó o pè é ní dáadáa. Ó ní kó o gbé ẹjọ́ náà lé òun lọ́wọ́, kó o sì jókòó. Wọ́n kan òun fúnra rẹ̀ mọ́ igi láìṣẹ̀, ó sì gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lé Baba lọ́wọ́. Lórí igi yẹn náà ló ti ru ohun tó o ṣe sí ọkọ ẹ."

"Tí mo bá gbé e fún un, tó bá wá lọ dárí ji alàgbà ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ kó dárí ji ìwọ?"

Kò sí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí bí kò ṣe ọ̀kan. Ó kúnlẹ̀ láàárín ibùsùn méjì. Nọ́ọ̀sì kan tí ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn bọ̀ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ó sún, kò dìde. Àdúrà rẹ̀ kò gùn.

"Jésù, mo ti pa ẹni tí mo fẹ́ràn nítorí ẹni tí mo kórìíra. Gba ẹjọ́ náà. Gba èmi náà."

Lẹ́yìn èyí, ó sọ ohun gbogbo fún ọkọ rẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ojú ọkùnrin náà là. Kò lè fọhùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mira. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ títí di òní bóyá ó gbọ́, tàbí bóyá ó dárí jì í. Ọkùnrin náà kú ní Ọjọ́bọ̀. A kò ní parọ́ fún ọ: ìrònúpìwàdà obìnrin náà kò jí òkú. Olúwa dárí ẹ̀ṣẹ̀ náà jì í. Ibùsùn náà ṣófo síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ó rin ogún ìṣísẹ̀ náà. Ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Alàgbà rí i láti orí àga ìwàásù, ibi tí ó ń kà sì sọnù mọ́ ọn lójú. Ìkórìíra àtijọ́ dìde nínú obìnrin náà. Ó sọ fún Jésù pé ó ti tún dé, ó sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n kọrin, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà. Wọ́n gbàdúrà, ó dara pọ̀. Nígbà tí ìwàásù bẹ̀rẹ̀, ó sùn lọ. Kò sí ẹni tí ó jí i títí ìsìn fi parí.

"Dìde o," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Ìwàásù yẹn kò mà burú tó bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́fà, èyí ni oorun àkọ́kọ́ tí ó sùn láìgbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni.

Alàgbà náà kò tíì tọrọ àforíjì títí di àkókò tí a ń kọ ìwé yìí. Kí ó má rò pé a ti gbàgbé. Ẹni tí ó fi àga ìwàásù Ọlọ́run ta ọmọ Ọlọ́run lọ́fà, tí ó tún fi àìsàn ẹlòmíràn yọ̀, ọwọ́ Ọlọ́run alààyè ni ẹjọ́ rẹ̀ wà nísinsìnyí. Kò sí ọwọ́ tí ó le ju ìyẹn lọ. Ìyá Ẹlẹ́rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún un.

Nísinsìnyí, ìwọ tí o ń kàwé yìí. O lè máa sọ pé àyè kò sí fún ọ láti sin Ọlọ́run, pé iṣẹ́ kò jẹ́. Yẹ iṣẹ́ náà wò dáadáa. Mélòó nínú rẹ̀ ni o ń ṣe kí ẹnì kan lè rí ọ kí ojú sì tì í? Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ tí ènìyàn ń gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀tá rẹ̀, tí ó sì jẹ́wọ́ pé Onídàájọ́ wà. Ẹni tí kò lè jókòó níwájú Ọlọ́run fún ọjọ́ kan ń sọ pé Ọlọ́run kò tó ìdájọ́ í ṣe. Ọlọ́run ti búra nípa irú wọn pé wọn kì yóò wọ inú ìsinmi òun. Kì í búra lásán.

Ọ̀tá rẹ yóò kú, ìwọ náà yóò kú. Ní ọjọ́ náà, Ọlọ́run kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ṣe sí ọ. Ó ti mọ̀ ọ́n, yóò sì san án fún ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí ìwọ ṣe ni yóò béèrè. Jésù Kristi nìkan ni ó lè dáhùn fún ọ, ó sì ń pè ọ́ lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ fún un kí o tó sọ ti ẹlòmíràn.