Orí Àkàbà Ni Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wà

Ìpele kẹfà orí àkàbà ni agbẹ̀bí náà wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí i. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì ti jábọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di etí òrùlé mú, ó fi èkejì tẹ fóònù mọ́ etí, ó ń pariwo pé, "Ẹ má tíì ti ọmọ o. Ẹ mí. Mo ní kí ẹ mí, ìyá ìkókó. Ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Àkàbà mì. Ọkùnrin tó ń kọjá lọ, tó gbé ìdì wáyà kọ́ èjìká, ju wáyà sílẹ̀, ó sáré di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ó dì í mú títí ọ̀rọ̀ orí fóònù náà fi parí.

"Ta ló ní kí ẹ di àkàbà mi mú?" ni agbẹ̀bí wí látòkè.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ dì mú. Àkàbà ló wà láàrin wa."

Ó yẹ kó dúpẹ́, àmọ́ inú ń bí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa gun àkàbà nítorí ìpè nìyẹn lọ́sẹ̀ náà. Nínú ilé òun àti bàbá rẹ̀, fóònù kì í ṣiṣẹ́ rárá. Ní pálọ̀, ó kú fin-ín. Ní yàrá, ìlà kan á yọjú, á tún sá wọlé bí ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilé ìdáná, èèyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó bá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ọ̀gá rẹ̀ nílé ìwòsàn sì ti kìlọ̀ fún un: bí wọ́n bá tún pè é tí wọn ò rí i, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó wá máa gbé nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni yóò wá máa dá gbé.

"Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó gbọ́. Áńténà ló ń so mọ́ òrùlé kiri àdúgbò, Oníwáyà ni wọ́n ń pè é.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń ti yàrá dé yàrá, bàbá arúgbó sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọlọ́pàá. Bíríkìlà ni bàbá yìí nígbà tí agbára ṣì wà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ìkejì, fún odindi ọdún mẹ́sàn-án. Títí dòní, tó bá jí, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ògiri lára.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ló burú, àbí?" ni bàbá bi í.

Ẹlòmíì á ti ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Oníwáyà mi orí.

"Rárá o, bàbá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára níta. Ilé yín ni. Ògiri yín nípọn jù, ọ̀rá onírin tó ń dán tí ẹ tẹ́ sókè àjà sì ti pa gbogbo rẹ̀ dé. Tí n bá lu ihò kan..."

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kò bú u, kò gbá a. Ó kàn ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró tì í títí ó fi jáde.

"Ṣé irọ́ kékeré kan ò lè jáde lẹ́nu yín ni?" agbẹ̀bí bi í lẹ́nu géètì. Ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú u.

"Bàbá bi mí léèrè ni."

"Wọ́n bi yín, ẹ wá ro ẹjọ́ ilé wọn fún wọn."

Oníwáyà rẹ́rìn-ín, agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín tipátipá, inú tún bí i pé òun rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí Oníwáyà má yà. Ó ní òun wá wò ó bóyá àkàbà dúró dáadáa. Ó fi rọ́bà wé ẹsẹ̀ àkàbà kó má bàa yọ̀. Agbẹ̀bí á wà lókè, òun á wà nísàlẹ̀, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàrin wọn. Nígbà tó di oṣù kẹta, agbẹ̀bí á ti gun òkè láìsí ẹni tó pè é. Ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì fi pamọ́ fún un.

"Olówó orí mi," ló ń pè é báyìí, "lọ bá bàbá sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Ìdáhùn bàbá kò gùn: "Ẹni tó ní ilé mi ní àbùkù ò ní fẹ́ ọmọ jáde nínú rẹ̀."

Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Ó kọ etí ikún. Agbẹ̀bí sì ti pinnu lọ́kàn pé òun ò ní lọ sílé ọkọ tí bàbá òun bá fajú ro.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ilé ìwòsàn pè é lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí aláboyún ìbejì. Fóònù wà lórí tábìlì pálọ̀, ó dákẹ́ bí òkúta. Agbẹ̀bí mìíràn ló gbẹ̀bí náà, ìyá àti ọmọ méjèèjì sì là, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, lẹ́tà dé: kó tó di ìparí oṣù, kó kó wá sínú ọgbà.

Ó tẹ́ lẹ́tà náà síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ kà á. Ẹ ò fẹ́ ihò, ẹ ò fẹ́ ọkọ mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wá máa gbé inú ilé tí ò lábùkù. Ó ti sú mi, bàbá."

Bàbá kà á. Ó gbé ojú sókè àjà.

"Ìyá rẹ ò lè fara da ooru," ló wí. "Ọdún tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ kó tó kú, ìwọ wà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Kì í rí oorun sùn. Èmi ni mo gun òkè àjà, tí mo tẹ́ ọ̀rá yẹn láti igun dé igun. Ọjọ́ tí mo parí ẹ̀ ló tó sùn. Ohun tí ọkùnrin yẹn wá nawọ́ sí nínú ilé mi nìyẹn, tó ní ìyẹn ló ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́."

Agbẹ̀bí kò mọ èyí rí. Ìbínú rẹ̀ tán pátápátá. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló lọ gun àkàbà, ó pe Oníwáyà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníwáyà dé lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá, mo ṣìwí. Ọ̀rá yẹn ò ní àbùkù. Ẹ ní kó má jẹ́ kí ooru wọlé, kò sì jẹ́ kó wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣèèṣì bá ooru wà níta. N ò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Ihò kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lára ògiri, kò ní ju ìka lọ."

"Àbí ò ń parọ́ fún mi nítorí ọmọ mi?"

"Bàbá, tó bá jẹ́ pé mo mọ irọ́ pa ni, ǹ bá ti fẹ́ ẹ láti oṣù kẹta."

Bàbá wò ó títí. Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n ọ́n lára, ó gbé e mì. Ó wọ yàrá lọ, ó mú òòlù àti ìdálu àtijọ́ rẹ̀ jáde.

"Kò sẹ́ni tó máa lu ògiri mi àfi èmi."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀rọ, ó kọ̀. Ó gun àkàbà, ọmọ rẹ̀ dì í mú lẹ́sẹ̀ kan, Oníwáyà dì í mú lẹ́sẹ̀ kejì, ó sì lu ògiri náà fún wákàtí kan ààbọ̀, ó ń sinmi, ó ń yin ara rẹ̀ pé sìmẹ́ǹtì òun ò ṣe é lù bọ̀rọ̀. Oníwáyà so áńténà mọ́ etí òrùlé, ó fa wáyà gba inú ihò náà, ó so ó mọ́ àpótí kékeré kan ní pálọ̀. Ìlà mẹ́rin yọ lójú fóònù.

Oníwáyà fọ ọwọ́, ó nu ún, ó kọjú sí agbẹ̀bí. "Níwájú bàbá ni mo fẹ́ bi ọ́..."

Fóònù dún. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìpè òun máa wọlé. Agbẹ̀bí ṣì ń sọ fún un pé ó ti wọlé nígbà tí òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún pè. Bí ìyẹn ti parí, Oníwáyà tún la ẹnu, fóònù tún dún. Agbẹ̀bí pòṣé. Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sétí níbi tó jókòó sí gan-an.

"Ilé ìwòsàn? Ṣé ẹni kan ń rọbí? Kò sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ó wà nílé o. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Oníwáyà gbọ́ "àfẹ́sọ́nà" yẹn. Ó wo bàbá, ó wo agbẹ̀bí, gbogbo ohun tó ti tò kalẹ̀ láti sọ sì pòórá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá ń wí sínú fóònù, "Oníwáyà. Ọmọ dáadáa ni, kì í parọ́..."

"Mo gbà," ni agbẹ̀bí wí fún Oníwáyà. "Mo gbà, ọkọ mi. Jẹ́ kí n lọ gba fóònù mi kí bàbá tó ròyìn wa fún gbogbo ilé ìwòsàn."