Pátákó Ọrùn Ọmọ

Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni Fẹ̀yìntọlá kọ́kọ́ rí lábẹ́ igi máńgòrò, tó lóṣòó, tó na ìdí sẹ́yìn, tó ń gbọn apá méjèèjì bí ìyẹ́, tó sì ń ké bí adìẹ tí ẹyin ti há sí nídìí. Àwọn ọmọdé bí ogún jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ.

"Kí ni adìẹ yìí ń ṣe?" ni ọkùnrin náà bi wọ́n.

"Ó ń yé ẹyin!"

Bó ti fẹ́ dìde báyìí, ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí, ó dún fààà! Kò sí ọmọ tí kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀rín tí Fẹ̀yìntọlá rín lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rín ọmọlúàbí. Ó rín in títí ìró fi tú lára rẹ̀. Opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìyá àgbà ọmọ mẹ́ta, ló wá dúró ní gbangba Kabusa pẹ̀lú yẹ̀rì pupa lásán, tó ń sáré gbá aṣọ mú nílẹ̀.

Ọkùnrin náà fi ìwé bo ẹ̀yìn. "Ẹ kú ẹ̀rín o, ìyá. Ó jọ pé àwa méjèèjì la ó wá abẹ́rẹ́ lọ lónìí."

"Tèmi ṣe é ró padà," ni Fẹ̀yìntọlá dáhùn. "Tiyín ni kò sí lábẹ́ àṣírí mọ́."

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ló ti Ìkirè wá sí Abuja, sọ́dọ̀ Akin ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, nígbà tí Bọ́sẹ̀ ìyàwó Akin bímọ tuntun. Ọmọ tuntun kò yọ ìyá àgbà lẹ́nu. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, kò sí èdè tí kò gbọ́. Ànú, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá àgbà bá sọ ló máa ń yé e, ṣùgbọ́n òyìnbó ni yóò fi dáhùn. Bí ìyá àgbà bá ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ànú á ní, "Yes, Grandma," ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ìtàn kún inú obìnrin náà dẹ́nu, kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Nígbà tó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kíláàsì Yorùbá wà fún àwọn ọmọdé ní àárọ̀ Sátidé nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Kabusa, ó fa Ànú lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ adìẹ oníṣòkòtò.

Festus lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Gbogbo ayé ń pè é ní Bàbá Tíṣà. Ó ti ṣe tíṣà nígbà èwe rẹ̀ kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba, tó fi fẹ̀yìn tì l'Abuja. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ilé dákẹ́ jù fún un, ló bá ń kiri láti Kabusa dé Karmo, ó ń bẹ àwọn òbí kí wọ́n fún òun lọ́mọ kọ́ ní Yorùbá. Àwọn kan fún un. Àwọn kan ní, "Bàbá, Kánádà lọmọ wa ń lọ." Ó ní, "Ṣé wọn ò ní máa pe ìyá wọn lórí fóònù láti Kánádà ni?"

Láti Sátidé kejì ni Fẹ̀yìntọlá ti ń gbé abọ́ dòdò Ìkirè wá. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn ọmọ, torí dòdò náà dúdú bí èédú. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò, ara wọn kò balẹ̀ mọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ á fi Yorùbá tọrọ. Ní oṣù kan péré, ọmọ tí kò lè kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀ ti ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tó tóbi, kì í ṣe tọ̀hún."

"Èmi náà fẹ́," ni Bàbá Tíṣà wí.

"Ẹ tọrọ bí ẹgbẹ́ yín ti ń tọrọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹ bùn mi ní ẹyọ kan."

"Ta ló béèrè ti ẹyinjú lọ́wọ́ yín?"

"Kíláàsì tèmi ga ju ti àwọn wọ̀nyí lọ." Ó gba dòdò, ó jẹ ẹ́, ó fẹ́ ata kúrò lẹ́nu. "Kí ni oríkì yín, Ìyá Akin?"

"Àyọ̀ká."

"Ta ló pè yín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Fẹ̀yìntọlá yí ojú sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ó sọ dòdò méjì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan kí ọkùnrin náà má baà tún bi í.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni ìwé ni Bàbá Tíṣà, bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, bébà ni yóò kọ ọ́ sí. Bí kíláàsì bá ti parí, tí Fẹ̀yìntọlá ti gbé abọ́ ṣáájú lọ sílé, á ki ìwé pélébé kan bọ Ànú lọ́wọ́ pé, "Fún ìyá àgbà."

Nǹkan kan sì wà tí Bàbá Tíṣà kò mọ̀: Fẹ̀yìntọlá kò mọ̀wé kà. Kò sí ẹni tó mọ̀ l'Abuja. Ó ní Bíbélì ńlá, ó máa ń ṣí i nígbà tí ìjọ bá ṣí tiwọn. Lọ́jọ́ kan tí ó dorí rẹ̀ kodò, tí ẹni tó jókòó tì í bá a yí i padà, ó ní ojú ló ń ṣe òun bàìbàì. Irọ́ yẹn náà ló pa fún Ànú: "Ojú ń ṣe mí bàìbàì, ọmọ mi. Kà á fún mi."

Ànú á jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé ìdáná, á máa ka ìwé náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta.

"'Ẹ̀rín... yín... kò kúrò... létí mi.' Grandma, why is your laugh in his ear?"

"Máa kà lọ."

"'Láti ọjọ́ tí... yẹ̀rì pupa...' Grandma!"

"Fo ibẹ̀ yẹn!"

Ohun tí síléètì kò lè ṣe, ìwé ìfẹ́ àgbàlagbà méjì ṣe é. Oṣù kẹta kò tíì pé tí Ànú fi ń sáré wọlé ní ọ̀sán Sátidé, tó ń pariwo pé, "Ìyá àgbà, Bàbá Tíṣà ti tún kọ òmíràn! Ó gùn gan-an!"

Ariwo náà ló dé etí Akin.

"Mọ́mì, ṣé òótọ́ lohun tí mò ń gbọ́ yìí? Ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún o."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ráyè fi ṣòfò."

"Kí la fẹ́ sọ fún àwọn ará ìjọ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ṣì ní eyín."

Akin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní bá wọn dá sí i.

Nígbà tí ìparí sáà ń bọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé pe Bàbá Tíṣà. Ó ní kí àwọn ọmọ wá sọ Yorùbá níwájú àwọn òbí, pé bí ó bá dára, òun á fún wọn ní yàrá gidi, wọ́n á bọ́ lábẹ́ igi. Àyà bàbá náà já, torí pé bí àwọn ọmọ bá ti ń ṣeré, òyìnbó ni. Ẹni tí àyà rẹ̀ já, ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbá mú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Fẹ̀yìntọlá gbé abọ́ rẹ̀ dé, ó bá Ànú ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Pátákó kan wà lọ́rùn ọmọ náà, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fi ẹfun kọ nǹkan sí i. Fẹ̀yìntọlá kò mọ ohun tí wọ́n kọ kà, ṣùgbọ́n ó mọ pátákó náà. Ọrùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó rọra gbé abọ́ kalẹ̀. "Ta ló gbé èyí kọ́ ọmọ mi lọ́rùn?"

"Òyìnbó ló ń sọ ṣáá, Àyọ̀ká," ni Bàbá Tíṣà wí. "Bí wọ́n ti ṣe fún wa kọ́ nìyẹn, tí òyìnbó fi yé wa? Mo kàn yí i padà ni."

"Pátákó kò ṣe é yí padà, Festus." Kò pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ọrùn ọmọ nìkan ló mọ̀. Kò mọ èdè."

Fẹ̀yìntọlá fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì pé ebi ń pa mí. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, torí Yorùbá ni ebi náà fi ń pa mí. Wọ́n ní mo sọ fanákúlà, ìyẹn èdè ilé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé pátákó kọ́rùn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n gbé e gba àárín ọjà lọ sílé. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́ títí di òní." Ó gba èémí. "Gbogbo ìwé tí ẹ kọ sí mi, ọmọ tí ẹ so pátákó mọ́ lọ́rùn yìí ló kà á. Mi ò mọ̀wé kà."

Ó bọ́ okùn kúrò lọ́rùn Ànú, ó gbé pátákó náà sí iwájú ẹsẹ̀ bàbá náà, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Abọ́ dòdò ṣẹ́kù síbẹ̀. Ọmọ kan kò fọwọ́ kàn án.

Láti ọjọ́ náà, Ànú padà sí "Yes, Grandma" rẹ̀. Èyí ló dun Fẹ̀yìntọlá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin bá fẹ́ lọ, kí ó lọ, ó ti sin ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, tó tún pa dé! Ó sọ fún Akin pé òun fẹ́ padà sí Ìkirè. Akin ní òun á lọ sí gáréèjì Jabi lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Tíṣà wá fúnra rẹ̀ dé ẹnu géètì. Kò wọlé. Ó fi ìwé kan lé Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́, ó yí padà. Ìwé náà wà lórí tábìlì fún ọjọ́ méjì. Fẹ̀yìntọlá á nu tábìlì, á nu yí i ká. Lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí i, ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́ lọ láti òpin kan dé èkejì bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ, ó sì tún pa á dé. Kò ní bẹ Ànú. Ọmọ tí wọ́n ti fi èdè dójú tì, èèyàn kì í fi èdè rán an níṣẹ́.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó ń di ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí Ànú wọlé. Ọmọ náà wo báàgì, ó wo ìwé. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ó ṣí i.

"'Àyọ̀ká, mo jẹ̀bi. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ìlá, èmi náà gbé pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn. Mo rántí orúkọ mẹ́ta nínú wọn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Ànú, bó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń ka èyí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀. N kò ní ṣe é mọ́. Ẹ yà lábẹ́ igi ní Sátidé, kódà bí ẹ bá ń lọ. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn yín.'"

Ànú ká ìwé náà. "Ó ń bẹ̀ mí," ló sọ. Yorùbá ló fi sọ ọ́. "Ṣé kí n dárí jì í?"

"Ọrùn tìrẹ ni. Ìwọ lo máa sọ."

Ànú rò ó. "Màá dárí jì í. Ṣùgbọ́n kó má yé ẹyin mọ́. Ṣòkòtò rẹ̀ á tán."

Ẹ̀rín gbé Fẹ̀yìntọlá lulẹ̀ lórí báàgì. Akin sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò fi Yorùbá bi í ní ohun kan rí nínú ilé náà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò lápò, ó gbé e kọ́ ògiri.

"Mọ́mì," ló wí, "mi ò lọ Jabi mọ́."

Ní Sátidé, Bàbá Tíṣà ń dúró dè wọ́n lábẹ́ igi. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ànú, orúnkún rẹ̀ ké wínrín, ó bẹ̀ ẹ́. Ànú ní ó tán. Bàbá náà wá tú aṣọ kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orógùn ló wà nínú rẹ̀, tuntun, tó dán. Pátákó yẹn ló gé, tó fi ọ̀bẹ gbẹ́, tó fi gíláàsì fá títí ó fi jọ̀lọ̀.

"Igi yìí ti dójú ti ọmọ tó," ló wí. "Kó máa ro oúnjẹ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, Àyọ̀ká, ẹ bá mi gbé e lọ sí ilé wa."

"Ilé wa? Ta ni 'wa'? Ṣé orógùn lásán ni wọ́n fi ń fẹ́ obìnrin Ìkirè ni?"

"Mo mú síléètì wá pẹ̀lú, kí n lè kọ́ yín ní ìwé."

Fẹ̀yìntọlá fi ìka tọ etí síléètì náà. "Bí mo bá ṣì í kọ ńkọ́?"

"A ó pa á rẹ́, a ó tún un kọ."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí eyín wa á fi tán."

"Tiyín kò kù púpọ̀," ló wí. Ó gba orógùn náà, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi lu ọkọ, ó sì lọ jókòó sórí ẹní, láàárín àwọn ọmọ.

Ibẹ̀ ló ń jókòó ní gbogbo Sátidé. Ànú ló ń di síléètì rẹ̀ mú, ó sì le mọ́ ọn ju Bàbá Tíṣà lọ. Ọjọ́ àwọn òbí dé. Àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, òyìnbó já wọ inú rẹ̀ níbì kan, kò sí ẹni tí wọ́n so nǹkan mọ́ lọ́rùn, ọ̀gá ilé-ìwé sì fún wọn ní yàrá.

Ní oṣù kẹjọ, Akin fúnra rẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Kabusa. Nígbà tó di ibi ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, pásítọ̀ gbé tàdáwà sún mọ́ ọn kí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Pásítọ̀, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò."

Ó mú bírò. Ó yọ ahọ́n síta díẹ̀, òógùn bo imú rẹ̀, àwọn akọrin kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kọ *Fẹ̀yìntọlá*. Lẹ́tà náà wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n ó pé.

"Ó kù àmì kan, Ìyá àgbà," ni Ànú sọ sí i létí.

Ó fi àmì náà sí i, ó gbé bírò fún Festus. Bàbá náà gbà á, kò sì rí ìlà tí yóò kọ tirẹ̀ sí mọ́, torí omi ti bo ojú rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá wo àtàǹpàkò rẹ̀, tó mọ́ tónítóní, láìsí tàdáwà kankan lára rẹ̀. Ó nà án, ó sì fi nu ojú ọkọ rẹ̀.